Tó Bá Ń Tàn, Ṣé Ó Ń Ṣiṣẹ́ Ni?

Nínú iṣẹ́ iná tí mò ń ṣe ní Lágèrè níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu kọ́sítọ́mà títí débi pé mo máa ń bá wọn parí ẹ̀: "Ó ṣì ń tàn o." Fíríìjì tí kò mú omi tutù mọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé e wá kó ní ṣebí ó ṣì ń dún. Áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná, wọn ò ní sọ pé iná pupa ara ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan gílóòbù, ojú ni gbogbo wa fi ń dá a lẹ́jọ́, tí ojú bá ti rí ìmọ́lẹ̀ báyìí, ẹjọ́ ti parí. Fún gílóòbù pálọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ká lè ríran la ṣe rà á. Àmọ́ àwọn iná kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lára wọn kọ́ la tìtorí ẹ̀ rà wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an, ojú ò rí i rárá. Àwọn iná yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe èékánná ló kọ́kọ́ mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ̀ pé Ifẹ̀ kún fún wọn, láti gééètì OAU títí dé Mayfair títí wọ Lágèrè: ṣọ́ọ̀bù kékeré, tábìlì kan, àga méjì, àti àpótí kan báyìí tó ń tàn búlúù tí wọ́n máa ní kí oníbàárà ki ọwọ́ bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé tiẹ̀ wá, irú èyí tí wọ́n kọ 36 wáàtì sí lára. Ó ní jẹ́ẹ̀lì òun kì í le dáadáa mọ́, ó máa gbẹ lókè, ṣùgbọ́n tí òun bá fi fáìlì tẹ̀ ẹ́, abẹ́ ẹ̀ á ká jọ, á máa yọ̀ kúrò lára èékánná. Ó ti pààrọ̀ jẹ́ẹ̀lì, kò gbọ́. Ó ti bá ẹni tó tà á fún un pariwo, ìyẹn náà ò gbọ́. Mo tú àpótí náà. Gílóòbù kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, wáàtì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, òun náà ló di 36 yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń tàn búlúù, ó dùn ún wò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìdí wọn, níbi tí gíláàsì ti wọnú pílásítíìkì funfun yẹn, ti dúdú kirikiri, ẹ̀tù inú ẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà.

Mo ní, "Àǹtí, gílóòbù yín ti kú."

Ó ní, "Ha, Bọ̀ọ̀dá, ó mà ń tàn o!"

Kò purọ́, ó ń tàn. Ohun tó ń mú jẹ́ẹ̀lì yẹn le ni UV, irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn tí ojú ò rí, nǹkan bíi 365 nánómítà (òun ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìtànṣán), ojú èèyàn ò sì rí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Búlúù tó ń rí, ohun tó ṣẹ́ kù ni, òun sì ni ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Mo fi mẹ́rin tuntun sí i, jẹ́ẹ̀lì sì le. Inú ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́ tán, ó kó àwọn ògbólógbòó yẹn sínú báàgì lọ sílé, bóyá ó rò pé mo fẹ́ lò wọ́n fún ẹlòmíì ni.

Èyí tó wá jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan ni ti àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó wà ní Manchester. Ibi tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òyìnbó ti máa ń sanwó kí wọ́n lè lọ dùbúlẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀dì oníná, kí ara wọn lè ṣú díẹ̀. Sunbed ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní tanning bed. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Kí wọ́n lè dúdú? Wọ́n ń sanwó?" wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó ń ta kírímù tóònù wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wa, tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá sọ́dọ̀ ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Mi ò fẹ́ bá a dé ibẹ̀ jìnnà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ayé ni.

Wàhálà àbúrò mi nìyí. Àwọn kọ́sítọ́mà wọn ń ráhùn pé bẹ́ẹ̀dì kan báyìí ò lágbára mọ́, ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún wọn mọ́. Ọ̀gá ẹ̀ ní kó pe àwọn tó ń ta túùbù kó ní kí wọ́n kó èyí tó gbóná jù lọ wá. Ó wá fọ́nù sí mi, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ iná, ẹ bá mi wo àwọn nọ́ńbà yìí, mi ò fẹ́ ra ohun tó máa jó ọmọ olọ́mọ lára." Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú mi dìde. Mo ní kó ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò: ìdí túùbù, lébẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀rọ, mítà tó ń ka wákàtí, àti pílásítíìkì tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú túùbù wò. Gíláàsì gígùn ni, wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọ́n fi gáàsì díẹ̀ àti mákíúrì bíńtín sí i. Tí iná bá ń gba inú ẹ̀ kọjá, mákíúrì yẹn á máa tú ìtànṣán kan jáde tí ojú ò rí, nǹkan bíi 254 nánómítà. Ìtànṣán yẹn ló máa lọ kọlu ẹ̀tù funfun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì, ẹ̀tù náà ló sì ń pinnu ohun tó máa jáde síta. Bí ẹ̀tù náà bá jẹ́ ti pálọ̀, iná funfun lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì àwọn òyìnbó yìí, UVA ló máa pọ̀ jù, ìyẹn láti 315 sí 400 nánómítà, pẹ̀lú UVB díẹ̀, láti 280 sí 315. UVA ń wọ awọ ara jinlẹ̀, ó sì ń mú kí àwọ̀ tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀ ṣú kíákíá. UVB ló ń sọ fún ara pé kó ṣe àwọ̀ tuntun, òun náà ló sì ń jó èèyàn jù. Irú ẹ̀tù míì tún wà tó jẹ́ pé 311 nánómítà péré ló ń gbé jáde, TL-01 lorúkọ tí àwọn dókítà awọ ara mọ̀ ọ́n sí, wọ́n ń fi í tọ́jú àwọn tí ara wọn ń ṣí funfun àti àwọn tó ní psoriasis, àrùn tó ń mú kí awọ ara nípọn kó sì máa bó. Kì í ṣe ohun àná: Niels Finsen, ará Denmark, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1903 torí ó fi iná tọ́jú ikọ́ fée (TB) tó mú awọ ara. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni bẹ́ẹ̀dì aláràṣíṣú di òwò, Friedrich Wolff, ará Jámánì, ló sì gbé e jáde fáyé.

Ohun tó ń kó mi láyà jẹ nínú gbogbo ẹ̀ ni pé túùbù méjì lè gùn bákan náà, kí ẹnu wọn rí bákan náà, kí wọ́n wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì lásán kí èkejì jẹ́ èyí tí dókítà ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé lórí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ò bi yín léèrè. Choke, ohun tó ń díwọ̀n iná fún túùbù, náà ò bi yín léèrè. Ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ yí i díẹ̀, ó tàn.

Torí náà, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀ ni ẹ máa kà. Àwọn ti Amẹ́ríkà sábà máa ń kọ nǹkan bíi F71T12 sí i. F yẹn ni fluorescent, 71 ni gígùn ẹ̀ ní íǹṣì, T12 ni bó ṣe sanra tó, íǹṣì kan àbọ̀. Ìyẹn kàn sọ bóyá ó máa wọlé ni o, kò sọ ohun tó máa ṣe fún ara. Ẹnu ẹ̀ náà ṣe pàtàkì, àwọn kan ní pínnì méjì méjì níta, àwọn kan ní ìdí pílásítíìkì tí wáyà fara pamọ́ sínú ẹ̀. Ti Yúróòpù ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, wọ́n máa ń kọ kóòdù kan sí i: wáàtì ló kọ́kọ́ wà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé e, nọ́ńbà méjì wá tẹ̀ lé lẹ́tà, pẹ̀lú ìlà dídagun láàárín wọn. Lẹ́tà yẹn ń sọ bóyá túùbù ní dígí nínú, ìyẹn ohun tí wọ́n kùn sínú ẹ̀ tó ń dá ìtànṣán padà, àti bí dígí náà ṣe fẹ̀ tó, O ni èyí tí kò ní dígí rárá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe lágbára tó láti mú ara pọ́n, èkejì sì ń fi ìpalára tí ìtànṣán kúkúrú inú ẹ̀ lè ṣe wé ti ìtànṣán gígùn. Lára ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì kan wà tó sọ kóòdù tí wọ́n gbà láyè níbẹ̀. Túùbù tuntun gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ìyẹn. Ní Amẹ́ríkà náà, FDA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti irú ẹ̀rọ báyìí, ní kí túùbù tí wọ́n bá fi pààrọ̀ bá èyí tí ẹ̀rọ bá wá mu, wọn ò ní kó jọ ọ́ nìkan.

Ẹni tó fẹ́ ta ọjà fún àbúrò mi ò dárúkọ kóòdù rárá, pásẹ́ńtì ló ń kà fún un. "Èyí jẹ́ 6.5 pásẹ́ńtì UVB, èyí jẹ́ 8.5, òun ló gbóná jù." Mo ní kó dúró. Pásẹ́ńtì yẹn ò sọ iye tó wà níbẹ̀, ó kàn sọ ìpín tó jẹ́ nínú gbogbo ẹ̀. Bí mo bá sọ pé ata ló kó ìdajì ọbẹ̀ mi, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ṣíbí kan ni àbí ìkòkò ńlá. Túùbù tí pásẹ́ńtì ẹ̀ kéré lè jó èèyàn ju èyí tí tiẹ̀ pọ̀ lọ, tí agbára ẹ̀ lápapọ̀ bá ti pọ̀. Ó bi ọkùnrin náà ní kóòdù, ọkùnrin náà ní òun á fi í ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti fi í ránṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ààlà wà ní Yúróòpù ṣá: tí wọ́n bá fi bó ṣe ń mú ara pọ́n wọn ìtànṣán bẹ́ẹ̀dì kan, kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.3 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nọ́ńbà yẹn, kò sọ nǹkan kan fún mi, àfìgbà tí mo ṣe ìṣirò ẹ̀. UV index tí àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ máa ń kà, nọ́ńbà tó ń sọ bí UV oòrùn ṣe le tó, wáàtì yẹn náà ni, wọ́n kàn sọ ọ́ di ìlọ́po 40. 0.3 lọ́nà 40, 12 nìyẹn. Méjìlá! Àjọ ìlera àgbáyé ní láti 11 lọ sókè, ó ti kọjá ohun tí wọ́n ń fi ṣeré. Oòrùn ọ̀sán gangan ilẹ̀ olóoru bíi tiwa nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé àwọn bàbá wa tó ní oko lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó, tí agogo méjìlá bá ti lù, abẹ́ igi kòkó lẹ ti máa bá wọn, wọ́n á ti bọ́ fìlà bojú. Òun lòyìnbó dùbúlẹ̀ sí níhòòhò, lókè àti nísàlẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní èyí tí òfin gbà. Tí wọ́n bá wá ní kí wọ́n kó èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ńkọ́?

Àwọn àfín àárín wa ló mọ ọ̀rọ̀ UV ju gbogbo wa lọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ̀rẹ̀ tó jẹ́ àfín, kò ní jáde láìwọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà eléteetí, ó sì máa ń wo òjìji ara ẹ̀ kó tó gbéra. Tí òjìji bá kúrú ju òun fúnra ẹ̀ lọ, ó ní òun ń wá abẹ́ ilé nìyẹn. Ó tọ̀nà, torí bí oòrùn bá ṣe wà lókè orí tó ni UV ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ó yá, àwọn fọ́tò. Mítà wákàtí ni mo kọ́kọ́ wò, torí ìyẹn ni kì í purọ́. Àwọn túùbù báyìí, wákàtí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn, àwọn kan 500, àwọn kan 800, àwọn kan 1000, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀tù inú wọn ń rẹ̀, gíláàsì fúnra ẹ̀ náà kì í jẹ́ kí UV kọjá dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ búlúù wà níbẹ̀ digbí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í dúró dìgbà tó bá kú, tí agbára ẹ̀ bá ti já sí nǹkan bíi 70 nínú 100, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Mítà tí àbúrò mi yà fi hàn pé àwọn túùbù yẹn ti kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dé, ó sì ti pẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o, ó ń wò wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ń tàn.

Èkejì ni pílásítíìkì, Perspex tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé yẹn. Kì í ṣe Perspex tí wọ́n ń gé ṣe síáìnbọ́ọ̀dù, irú èyí tó ń jẹ́ kí UV kọjá ni, òun náà sì ń gbó. Fọ́tò tó yà láti ẹ̀gbẹ́ fi hàn pé ó ti pọ́n díẹ̀, ó sì ti ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, ìyẹn ohun tó máa ń ṣe é tí wọ́n bá ń fi ọtí nù ún dípò omi ìfọ̀ tiẹ̀. Ó ní ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun ló ń fi sípírítì nù ún kí kòkòrò lè kú. Ó dáa, kòkòrò kú, Perspex náà kú. Ẹ̀kẹta, fáànù abẹ́ ẹ̀, eruku ti dí i. Túùbù tí kò rí atẹ́gùn máa gbóná jù, tó bá sì ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ, UV ẹ̀ á dínkù. Nítorí náà, kó tó dé orí túùbù tó gbóná jù, nǹkan mẹ́ta ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ agbára ẹ̀. Tí wọ́n bá lọ kó èyí tó le jù sínú ẹ̀rọ yẹn, kò ní pẹ́ kí ẹnìkan tó nu fáànù, kí ẹlòmíì pààrọ̀ Perspex, kí gbogbo agbára yẹn sì bọ́ lu ara kọ́sítọ́mà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo ní kó ra irú èyí tó wà níbẹ̀ gan-an, kóòdù sí kóòdù, kó má sì pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tí ẹ bá fi tuntun méjì sáàárín ògbólógbòó, ibi tí tuntun wà ló máa jó ara, ẹ ó rí ìlà pupa lẹ́yìn èèyàn. Kí wọ́n pààrọ̀ sítátà pẹ̀lú wọn, owó kékeré ni, sítátà tó ti rẹ̀ á máa mú túùbù ṣẹ́jú, bó ṣe ń tàn tó ń kú yẹn sì ń jẹ ìdí ẹ̀. Kí wọ́n pa iná láti ibi tó ti ń bọ̀, kí wọ́n má kàn tẹ bọ́tìnnì ara ẹ̀rọ. Kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Kí wọ́n nu ẹ̀yìn tó ń dán yẹn kí tuntun tó wọlé.

Ohun kan wà níbi pé ká fi í sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò, torí mo ní kó ṣe é lójú mi lórí fídíò kọ́ọ̀lù. Túùbù tó ní dígí nínú, apá kan gíláàsì ẹ̀ ni ìtànṣán ń gbà jáde, apá kejì ni wọ́n kun tó ń dá a padà. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ó ń yí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i bí apá kan ṣe ki tí apá kejì sì fúyẹ́, ìlà tó pààlà sáàárín wọn gùn láti orí dé ìdí. Apá tó fúyẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ó ki pínnì bọ̀ ọ́, ó yí i títí ó fi dún "kà", ó wò ó, dígí ló kọjú sókè. Bó bá tan iná báyìí, ó máa tàn, a ò ní mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ ló máa ṣú. Ó yọ ọ́, ó yí i padà. Ó fi aṣọ gbígbẹ nu àpá ìka kúrò lára ẹ̀. Mo ní kó lọ bẹ́ẹ̀ dé ìparí, èmi ti fẹ́ lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n mo pè é padà lálẹ́ torí ohun tí kò bi mí, ìyẹn ìṣẹ́jú. Tí túùbù bá di tuntun, ìṣẹ́jú àná kì í ṣe ìṣẹ́jú òní mọ́. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa lo ìṣẹ́jú méjìlá lábẹ́ èyí tó ti rẹ̀, tó bá tún lo méjìlá lábẹ́ tuntun, ó máa jó. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ túùbù ni kí wọ́n ṣọ́ra jù, kí wọ́n dín ìṣẹ́jú gbogbo èèyàn kù, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé iná tuntun ni. Àti ìgò ojú. Kì í ṣe pé kí èèyàn kàn dijú, awọ ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́ jù, UV ń gbà á kọjá. Àwọn wẹ́dà wa mọ ohun tí mò ń sọ, ẹni tó bá wo iná wẹ́dà lọ́sàn-án láìlo ìgò, tó bá di òru, ojú ẹ̀ á máa ṣe é bí ìgbà tí iyanrìn wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa bi mí pé kí ló kàn mí, ṣé mo fara mọ́ ọn ni? Rárá. Lọ́dún 2009, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, fi àwọn bẹ́ẹ̀dì yìí sí ìpele kìíní nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ibi kan náà tí sìgá wà. Ọdún yẹn náà ni Brazil fòfin de wọn fún ẹ̀ṣọ́ ara. Ọsirélíà náà ti lé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láti 2011, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, FDA ní Amẹ́ríkà sì ní láti 2014 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ gàdàgbà pé kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún 18. Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ fún àbúrò mi, ó ní òun mọ̀, ó wà lára ògiri wọn. Èmi ò ní dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa lọ máa lọ, ó sì dáa kó jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ògiri àti ohun tó ń jáde nínú túùbù bára mu. Ẹni tó fi túùbù tí kò mọ̀ sínú ẹ̀rọ ti pa irọ́ fún gbogbo ẹni tó ka lébẹ́ẹ̀lì náà. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Lásìkò kòrónà, ní 2020, àwọn èèyàn ń ra iná tí wọ́n ní ó ń pa kòkòrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan gbé méjì wá pé kí n bá òun so ó mọ́ àjà ṣọ́ọ̀ṣì òun, kó máa tàn nígbà ìsìn kí ara ìjọ lè le. Mo wo ìdí ẹ̀, mo rí i pé túùbù onígíláàsì gaara ni, kò sí ẹ̀tù funfun kankan nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé 254 tí mo sọ lókè yẹn ló ń jáde tààrà, kò sí ohun tó dá a dúró. Ó máa pa kòkòrò lóòótọ́. Ó tún máa bó ojú àwọn akọrin. Mo ní, "Dádì, tí a bá máa so ó, ìta ni swíìṣì ẹ̀ máa wà, kò gbọ́dọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ẹ bá tàn án, kódà ológbò." Wọ́n ní kí lànfààní ẹ̀ nígbà náà. Wọ́n gbé e lọ.

Ti àwọn ọmọ tuntun yàtọ̀ pátápátá, mo sì fẹ́ kí àwọn ìyá fetí sí èyí. Iná búlúù tí wọ́n máa ń gbé ọmọ tí ojú ẹ̀ pọ́n yòò sábẹ́ ẹ̀, ní Ifẹ̀ níbí tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, kì í ṣe UV ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀, búlúù gan-an ni, nǹkan bíi 460 sí 490 nánómítà, òun ló ń tú ohun tó mú ara ọmọ pọ́n yẹn ká kí ara lè lé e jáde. Ibẹ̀ yẹn, ohun tí à ń rí ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́! Síbẹ̀ ojú ò tún tó, torí ojú ò lè mọ̀ tí búlúù bá ti dínkù díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo mítà láti wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó wà lábẹ́ iná tó ti rẹ̀, ìyá ẹ̀ jókòó tì í, ó ń rò pé ìtọ́jú ń lọ. Ìyẹn kì í jẹ́ kí n sùn nígbà míì. Ẹ ṣáà má tìtorí ẹ̀ gbé ọmọ lọ sábẹ́ gílóòbù èékánná o, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú. Àbúrò mi ní ọ̀gá òun máa ń pe àwọn kan tó ń wá kó ògbólógbòó túùbù lọ, torí mákíúrì inú ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ pàǹtí lásán. Níbí, ààtàn ni. Àwọn ọmọdé á gbé e, wọ́n á fi jagun, ó máa ń dún "pàù" tó bá fọ́, ohun tí wọ́n sì ń wá nìyẹn. Mákíúrì kan náà ni NAFDAC ń lé kiri nínú kírímù tó ń bó ara, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ń lé ti túùbù. Látìgbà tí mo ti mọ̀, mi ò dà á nù mọ́, inú páálí ni mò ń tò wọ́n sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ti èékánná, ti túùbù gígùn, ti àwọn aláṣọ tó ń fi wọ́n wo owó. Ọmọ iṣẹ́ mi ní páálí yẹn ti ń gba ibi tó yẹ kí òun máa tẹ́ ẹní òun sí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á ní Ọ̀ṣun níbí, kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi, màá fi Keke kó o lọ fúnra mi.